Ọdún Tí Wọ́n Jẹ Èèbù Tán

Ó tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí ọ̀rọ̀ kan tí gbogbo wa mọ̀ kò fi ọkàn mi sílẹ̀: láyé Olúgbọ́n, mo dá borùn méje, láyé Arẹ̀sà, mo dá borùn mẹ́fà, láyé Àtìbà, mo ra kókò, mo ra àrán, mo ra sányán baba aṣọ. Onílù ń fi ìlù sọ ọ́, alága ìjókòó ń fi í gbowó lóde ìyàwó, kò sì sẹ́ni tó ń béèrè ibi tí Olúgbọ́n àti Arẹ̀sà wà lónìí. Wọ́n wà o. Orílé-Ìgbọ́n, Ìrẹ̀sà-Adú, Ìrẹ̀sà-Apá, ìjọba ìbílẹ̀ Sùúrùlérè ni gbogbo wọn wà, lẹ́bàá Ògbómọ̀ṣọ́. Iṣẹ́ oko ni wọ́n ń ṣe. Ẹ lè gun ọ̀kadà gba ibẹ̀ kọjá kí ẹ má mọ̀ pé ìlú tí wọ́n ń fi orúkọ ọba rẹ̀ ka ìgbà lẹ kọjá yẹn.

Ìkòyí ńkọ́? Láyé Ọ̀yọ́-Ilé, Oníkòyí ni olórí àwọn ọba Ẹkùn Òsì, tí Olúgbọ́n, Arẹ̀sà, Oǹpetu àti Ọlọ́fà wà nínú wọn. Lónìí, Ìkòyí-Ilé ni ibùjókòó ìjọba ìbílẹ̀ Oríire, ìlú àgbẹ̀ sì ni òun náà.

Bí a bá béèrè ohun tó sọ wọ́n dà báyìí, èsì tó máa ń yá lẹ́nu ni pé ogun ni. Ogun ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ogun kì í jókòó síbì kan. Ilé amọ̀ tó jó ṣeé mọ padà láàárín ẹ̀ẹ̀rùn kan, koríko òrùlé kò sì wọ́n ní ọ̀dàn. Kí ló wá fà á tí ilẹ̀ wọ̀nyí fi dahoro fún bí ìran méjì sí mẹ́ta? Lójú tèmi, inú àká ló yẹ ká wò, ká fi ọ̀rọ̀ ààfin tì sápá kan ná. Ìlú tó ń jẹ iṣu lè la ọjọ́ tí ọ̀tá wọ̀ ọ́ já. Ọdún tó bá jẹ èèbù rẹ̀ tán, ìyẹn iṣu tó fi pamọ́ fún gbígbìn, ló ń kú.

## Mugbámugbá

Ní nǹkan bí 200 ọdún sẹ́yìn, lẹ́yìn ikú Àfọ̀njá, olórí Ìlọrin, tí ìlú náà bọ́ sọ́wọ́ àwọn Fúlàní, àwọn ìlú Ọ̀yọ́ fẹ́ gba Ìlọrin padà. Tóyèjẹ ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò nígbà náà. Ìjà Ògèlé kò yọrí síre fún wọn, ọ̀pọ̀ ìlú tó wà ní apá Ìlọrin sì tú. Èyí tó tẹ̀ lé e ni wọ́n ń pè ní Ogun Mugbámugbá. Àlùfáà Samuel Johnson, tó parí àkọsílẹ̀ ìtàn rẹ̀ ní Ọ̀yọ́ ní 1897, ṣàlàyé orúkọ náà: ìgbà tí igbá, ìyẹn èso igi irú, pọ́n ni ogun yìí bọ́ sí, oko ti bàjẹ́ nínú ogun ìṣáájú, èso náà sì ni ẹni tó dó ti ìlú àti ẹni tí wọ́n dó tì jọ ń jẹ.

Ìtàn ogun sábà máa ń sọ iye ẹlẹ́ṣin àti ẹni tó kọ́kọ́ sá. Èyí sọ ohun tó wà nínú ikùn, ìdí sì nìyẹn tí mo fi rò pé ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ ti yí.

Ẹ jẹ́ ká wo èso náà. Inú pódi rẹ̀ ni ìyẹ̀fun òfééfèé kan wà tó yí hóró irú ká. Ó dùn, ọmọdé máa ń lá a, wọ́n sì lè pò ó mọ́ omi mu. Hóró tó wà nínú rẹ̀ ló dára jù, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀: wọ́n gbọ́dọ̀ sè é láti àṣálẹ́ di àárọ̀, kí wọ́n fi ẹsẹ̀ tàbí odó bó èèpo rẹ̀, kí wọ́n fọ̀ ọ́, kí wọ́n tún un sè, kí wọ́n sì bò ó mọ́lẹ̀ fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta kó tó di irú. Igi ìdáná tí èyí ń jẹ kò ṣeé fẹnu sọ. Ẹni tó wà lójú ogun kò ráyè ìyẹn. Ìyẹ̀fun ni yóò máa lá.

Àsìkò tí èso yìí ń pọ́n ló wá yẹ ká fiyè sí. Oṣù kẹta sí ìkẹrin ni, nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ ń bọ̀. Ní ilẹ̀ Ògbómọ̀ṣọ́, ẹni tó rí jájẹ ti gbin èèbù rẹ̀ láti oṣù kọkànlá tàbí ìkejìlá; ẹni tó kù díẹ̀ káàtó fún ń gbìn ín pẹ̀lú òjò àkọ́kọ́. Ní oṣù kẹta, ó yẹ kí èèbù wà ní ọ̀kan nínú ibi méjì: inú ebè tàbí inú àká. Bí odidi ẹgbẹ́ ọmọ ogun àti odidi ìlú bá wá ń lá ìyẹ̀fun irú ní oṣù yìí, a jẹ́ pé ibi méjèèjì ti ṣófo. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Kò sí baba tí yóò jẹ́ kí ọmọ kú kí èèbù má baà tán.

Oríkì Ìkòyí kún fún ọfà àti ọgbẹ́ iwájú. Èṣọ́ kì í gbọfà lẹ́yìn. Ó dára. Mi ò tíì gbọ́ ẹsẹ̀ kan níbẹ̀ tó dárúkọ ẹni tó ń kọ ebè fún àwọn èṣọ́ yẹn.

## Ọgọ́rùn-ún òtítọ́, ọgọ́rùn-ún irọ́

Ẹni tí kò dáko iṣu rí lè rò pé àsọdùn ni mò ń sọ. Ṣé kò sí irúgbìn níbòmíràn ni? Àgbàdo kò ṣòro: odidi kan a máa ní hóró tó lé ní 300. Ẹni tí ogun ń lé lè di hóró àgbàdo tàbí ọkà bàbà sétí aṣọ, kó sì fi dáko níbi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá balẹ̀ sí. Iṣu kò rí bẹ́ẹ̀. Èyí tí à ń jẹ náà la ó tún gbìn.

Èèbù kan ń fẹ́ bí ìdá mẹ́rin kílò sí ààbọ̀ kílò kó tó lè ta iṣu tó ṣeé gún. Èyí tó kéré sí i lè hù, àmọ́ iṣu rẹ̀ kò ní kún ọwọ́. Igba-igba ni àgbẹ̀ wa ń ka ebè. Bí a bá fi mítà kan sáàárín ebè, igba ebè kò ju ilẹ̀ tí ìbú rẹ̀ jẹ́ 10 mítà, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ 20 mítà lọ. Héktà kan yóò gba 10,000. Fún igba ebè kékeré yẹn, èèbù rẹ̀ á tó 50 sí 100 kílò. Ẹrù orí ènìyàn méjì sí mẹ́ta nìyẹn. Ta ni yóò rù ú sá fún ẹlẹ́ṣin?

Bí a bá ní kí a gé e, iṣu kílò méjì yóò fún wa ní èèbù mẹ́rin, ó pọ̀ tán mẹ́jọ. Orí iṣu ló ń kọ́kọ́ hù, òun ló sì dára jù. Àárín tẹ̀ lé e. Ìdí ló ń pẹ́ jù kó tó hù, òun náà ló tún ń yá rà. A ó fi eérú ra ojú ibi tí a gé, a ó tẹ́ ẹ sí ibòji fún ọjọ́ kan tàbí méjì kí ojú náà gbẹ, a ó wá rì í sínú ebè ní bíi 10 sí 15 sẹ̀ǹtímítà. Lẹ́yìn náà ni a ó fi koríko dé orí ebè, ká bu erùpẹ̀ lé koríko náà kí atẹ́gùn má baà gbé e lọ. Ẹni tó gbìn nínú ẹ̀ẹ̀rùn tí kò dé ebè, oòrùn oṣù kejì yóò se èèbù rẹ̀ jinná sínú ilẹ̀.

Ká ní ìdílé kan sá dé Ògbómọ̀ṣọ́ tí èèbù 40 péré ṣẹ́kù sí wọn lọ́wọ́. Ebè kọ̀ọ̀kan fún wọn ní iṣu kan. Wọ́n jẹ ìdajì, wọ́n gé ìdajì tó kù sí mẹ́rin-mẹ́rin. Lọ́dún kejì wọ́n ní ebè 80, lọ́dún kẹta 160, lọ́dún kẹrin 320, lọ́dún karùn-ún 640, lọ́dún kẹfà 1,280. Bí ìdílé náà bá ń dá ebè 2,000 tẹ́lẹ̀, ọdún keje ni wọn yóò tó bá ara wọn. Mi ò tíì yọ èyí tó rà nínú àká, èyí tí ikán jẹ, èyí tí màlúù tàbí ẹṣin tẹ̀, àti èyí tí wọ́n kó fún àna. Bí ogun kan bá tún dé lọ́dún kẹrin, ojú àtẹ̀yìnwá ni wọn yóò tún padà sí. Ogun ìgbà náà kì í sì í jẹ́ kí ọdún mẹ́rin pé.

Àwọn àgbà ní ẹni tó gbin ọgọ́rùn-ún ebè tó ní igba lòun gbìn, bó bá jẹ ọgọ́rùn-ún òtítọ́ tán, yóò wá jẹ ọgọ́rùn-ún irọ́. Ọ̀rọ̀ onípọ̀nńjú ni a máa ń fi í ṣe lónìí, ṣùgbọ́n ẹni tó kọ́kọ́ pa á mọ ìṣirò èèbù dájú.

Ọ̀nà kan wà tó yára jù. Ní oṣù keje tàbí ìkẹjọ, nígbà tí ewé ṣì tutù, àgbẹ̀ yóò tú ẹ̀gbẹ́ ebè, yóò gé iṣu kúrò lábẹ́ orí rẹ̀ láì já okùn, láì sì da gbòǹgbò rú, yóò sì kó erùpẹ̀ padà bo orí náà. Iṣu àkọ́kọ́ yẹn di jíjẹ tàbí títà. Tó bá di oṣù kọkànlá sí ìkejìlá, orí tó fi sílẹ̀ yóò ti ta àwọn iṣu kéékèèké mìíràn. Èèbù tó dára jù nìyẹn, odidi ni, kò ní ojú ọgbẹ́ tí yóò rà. Ohun tó ń gbà ni pé kí ẹnì kan náà wà nídìí oko kan náà láti ìgbà òjò di ẹ̀ẹ̀rùn. Bí ó bá pẹ́ kó tó gé e, òjò á dá kí èyí kejì tó tóbi. Bó bá sì yá jù, iṣu àkọ́kọ́ á kún fún omi, kò ní gún. Ẹni tí wọ́n ń lé láti ìlú dé ìlú, báwo ni yóò ṣe rí èyí ṣe?

## Lábẹ́ odi Ògbómọ̀ṣọ́

Ìkòyí tú, Gbógun fọ́, Ọ̀yọ́-Ilé fúnra rẹ̀ dahoro, Àtìbà sì tẹ ìlú tuntun dó sí Àgọ́-Ọ̀jà, ìyẹn Ọ̀yọ́ tòní, ní nǹkan bíi 1837. Ògbómọ̀ṣọ́ kò fọ́. Abẹ́ odi rẹ̀ ni ará Ìkòyí, ará Ìgbọ́n, ará Ìrẹ̀sà àti ará Ìjẹ̀rù wá forí pamọ́ sí. Oǹpetu Ìjẹ̀rù ṣì ní ààfin nínú Ògbómọ̀ṣọ́ títí di òní.

Àlejò ní ẹ̀tọ́ lórí ohun tó gbìn, kò ní ẹ̀tọ́ lórí ilẹ̀. Ó lè gbin iṣu, àgbàdo, ẹ̀gúsí, ẹ̀wà, kó sì san ìṣákọ́lẹ̀ lẹ́yìn ìkórè. Igi ni kò gbọdọ̀ gbìn láì gbàṣẹ, torí ẹni tó gbin igi ti ń sọ pé òun ò lọ mọ́. Òfin yìí kò burú fún ẹni tó ni ilẹ̀. Fún odidi ìlú mẹ́rin tó ń gbé nínú ìlú kan, ó túmọ̀ sí pé ọdọọdún ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀.

Ilẹ̀ ìtòsí odi sì ṣá. Iṣu kì í fẹ́ ilẹ̀ tó ti rẹ̀. Òun ló ń kọ́kọ́ wọ ilẹ̀ tó sinmi, àgbàdo tàbí ọkà bàbà pẹ̀lú ẹ̀gúsí ló ń tẹ̀ lé e, kí wọ́n tó fi ilẹ̀ náà sílẹ̀ fún ọdún márùn-ún sí mẹ́wàá. Nígbà tí ọ̀nà kò bá dára láti lọ jìnnà, wọn yóò máa pààrà ilẹ̀ kan náà. Èkan ni yóò kọ́kọ́ sọ fún wọn. Bí èkan bá ti gba oko, kì í ṣe ajílẹ̀ nìkan ló ti tán níbẹ̀: gbòǹgbò rẹ̀ tó mú bí abẹ́rẹ́ yóò gún iṣu nínú ebè, ojú ibi tó gún ni yóò sì ti máa rà nínú àká.

## Àbà ló kọ́kọ́ padà, adé ló kẹ́yìn

Àwọn àgọ́ ogun ilẹ̀ Yorùbá túká ní 1893. Ní 1897, Ilé-iṣẹ́ Royal Niger ṣẹ́gun Ìlọrin, ọ̀nà àríwá sì rọ̀. Látìgbà náà ni ilẹ̀ tó jìnnà tún ṣeé sùn sí.

Ìtàn tí a ń kà fún àlejò nípa ìlú bẹ́ẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ láti orí ọba tó padà wálé. Bí a bá wo bí oko ṣe ń di ìlú, ẹ̀yìn ni ọba ń wà. Ọkùnrin díẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ lọ, ní oṣù kẹsàn-án tàbí ìkẹwàá tí ilẹ̀ ṣì rọ̀, láti kọ ebè. Wọ́n á fi àáró ṣe é: ẹni márùn-ún yóò kọ ebè fún ẹnì kan lónìí, fún ẹlòmíràn lọ́la, títí yóò fi yí ká. Wọ́n á pa ahéré síbẹ̀. Igi irú àtijọ́ àti igi osè ni wọ́n fi ń mọ ojúko baba wọn. Ọdún tí wọ́n bá kọ́ àká sí oko dípò kí wọ́n máa ru iṣu padà sí Ògbómọ̀ṣọ́, ọdún náà gan-an ni mo kà sí ọdún tí ìlú náà tún bẹ̀rẹ̀, nítorí ibi tí èèbù bá sùn ni olówó rẹ̀ yóò sùn. Obìnrin á dé, ọjà ọlọ́jọ́ márùn-ún á ná, mọ́ṣáláṣí tàbí ṣọ́ọ̀ṣì á yọ. Ìgbà náà ni wọ́n á wá rántí pé ìlú àwọn ní adé.

Ìdí nìyí tí irú ìlú bẹ́ẹ̀ fi máa ń ní ẹsẹ̀ méjì. Ilé wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, oúnjẹ wà ní orílé. Bí òkú bá sùn, bí ọdún bá dé, ìgboro ni wọ́n ń wọ́ lọ. Ẹni tó bá wá ka ilé lọ́jọ́ ọdún yóò sọ pé abúlé lásán ni.

## Pákí, lẹ́yìn náà kajú

Ọ̀nà rélùwéè dé Òṣogbo ní 1907, ó gba Ìkìrun àti Ọ̀fà lọ sí Ìlọrin. Kò kan Ògbómọ̀ṣọ́, kò kan Ọ̀yọ́. Kòkó kì í ṣe dáadáa nínú ọ̀dàn. Àwọn ọ̀dọ́ wá gba ọ̀nà Gánà lọ ṣòwò, oko sì di ti àgbàlagbà. Ní oṣù kọkànlá 1969, ìjọba Busia fún àlejò tí kò ní ìwé ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti kúrò ní Gánà. Ọdún kan náà ni rògbòdìyàn owó orí gbẹ̀mí Ṣọ̀ún ní Ògbómọ̀ṣọ́. Àwọn tó dé láti Gánà wọlé ní àsìkò tí èèbù ń wọlẹ̀, wọn kò sì ní èèbù.

Lọ́tẹ̀ yìí pákí wà. Igi rẹ̀ là ń gbìn, gbòǹgbò rẹ̀ là ń jẹ. Ẹni tó wa pákí yóò kó igi rẹ̀ jù sílẹ̀, aládùúgbò yóò sì ṣà á lọ́fẹ̀ẹ́, yóò gé e ní 20 sí 25 sẹ̀ǹtímítà, yóò rì í sílẹ̀, oṣù 10 sí 12 ni yóò fi wà á. Ó ń ṣe lórí ilẹ̀ tó ti ṣá, ó ń dúró nínú ilẹ̀ de ẹni tí kò ráyè. Wọ́n ń bú pákí pé oúnjẹ tálákà ni, mi ò bá wọn dá sí i. Ká ní pákí pọ̀ nílẹ̀ yìí láyé Tóyèjẹ, ó ṣeé ṣe kí orúkọ ogun yẹn yàtọ̀.

Kajú ló gbòde báyìí. Mítà mẹ́sàn-án sí mẹ́wàá ni wọ́n ń fi sáàárín igi kan sí èkejì, ó ń so ní ọdún kẹta tàbí ìkẹrin, oṣù kejì sí ìkẹrin ni wọ́n ń ṣà á, nígbà tí kò sówó mìíràn lóko. Mi ò lè bá ẹni tó gbìn ín jà. Ṣùgbọ́n tó bá ti di ọdún kẹrin tàbí ìkarùn-ún, ibòji rẹ̀ ti bo ilẹ̀, iṣu kò lè ṣe lábẹ́ rẹ̀ mọ́, ilẹ̀ tó yẹ kó sinmi fún iṣu sì ti di ti igi fún ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìjà ilẹ̀ tó ń ṣẹlẹ̀ láàárín onílẹ̀ àti àgbẹ̀ àlejò kò ṣẹ̀yìn èyí: àdéhùn tó dá lórí iṣu ọdún kan kò lè gbé igi.

## Ẹrù tó ṣeé rù

Àgbẹ̀ púpọ̀ kì í fẹ́ sùn sí àbà mọ́, nítorí ajínigbé àti nítorí màlúù tó ń wọ oko lóru. Òfin tó de fífi ẹran jẹko ní gbangba wà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ láti 2019, oko tó jìnnà sí ojú títì ni apá rẹ̀ kò tíì ká. Àká tí ẹnikẹ́ni kò sùn tì, olè ni yóò kó o. Ẹni tí èyí bá ń bà lẹ́rù yóò ta iṣu rẹ̀ tán ní oṣù kejìlá, yóò sì ra èèbù ní oṣù kẹta nígbà tó wọ́n jù. Irúgbìn àgbàdo àti ajílẹ̀ òyìnbó ni ìrànlọ́wọ́ sábà máa ń jẹ́. Èèbù kì í sí níbẹ̀.

Láti bíi 1980 sókè ni àwọn onímọ̀ ní ilé ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn tó wà ní Umudike àti ní IITA, Ìbàdàn, ti ń kọ́ àgbẹ̀ ní ọ̀nà mìíràn. Iṣu tó ti jí, tó fẹ́ máa hù, ni wọ́n ń lò; èyí tó ṣì ń sùn yóò rà ni. Wọ́n á gé e wẹ́wẹ́ sí 25 sí 50 gíráàmù, èèpo gbọ́dọ̀ wà lára ẹyọ kọ̀ọ̀kan, torí ara èèpo ló ti ń hù. Wọ́n á fi eérú tàbí oògùn ra á, wọ́n á sá a, wọ́n á wá tẹ́ ẹ sínú àpótí tó ní ìyẹ̀fun pákó tó tutù díẹ̀. Bí omi bá pọ̀ jù, gbogbo rẹ̀ á rà. Bó bá gbẹ, kò ní hù. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin, èyí tó hù á lọ sórí poro, 25 sẹ̀ǹtímítà sí ara wọn. Ìkórè rẹ̀ kì í ṣe fún jíjẹ o, èèbù ọdún tó ń bọ̀ ni. Ẹni tó bá gbìn ín pẹ́ ju oṣù kẹfà lọ yóò kàn rí ohun tó tó ẹyin ni.

Iṣu kílò méjì tí wọ́n ń gé sí mẹ́rin láyé àtijọ́ lè di 40 báyìí. Kò pọn dandan kí ẹnikẹ́ni sùn sóko nítorí àpótí yìí. Ẹ̀yìnkùlé nígboro ló dára jù fún un, níbi tí omi wà nítòsí. Lẹ́yìn òjò kejì tàbí ìkẹta, wọ́n lè fi ọ̀kadà gbé e lọ. Igba rẹ̀ kò ju 10 kílò lọ.